Skọ́tlándì: ta ni kí n fẹjọ́ ilé sùn, káńsù, Edinburgh àbí Lọ́ńdọ̀nù?

ÌyáTiti:
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Oṣù tó kọjá la kó láti Manchester wá sí Glasgow, ojú mi ò tíì là síbí rárá. Mo lọ gba oògùn BP mi ní kẹ́mísìtì, mo ti yọ káàdì ATM jáde, ọmọ yẹn ní mà, ẹ máa lọ, ẹ ò ní san nǹkan kan. Mo dúró, mo ń wò ó lójú, torí £9.90 ni mo ń san lórí ẹyọ kan ní Manchester. Owó oṣù ọkọ mi tún wọlé, lẹ́tà S ti wà níwájú tax code wọn (àmì tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí), owó orí sì lé sí i. Àmọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ògiri yàrá àwọn ọmọ ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, agent ní ká máa ṣí wíńdò. Nínú òtútù yìí! Ẹnì kan ní kí n lọ bá káńsù, òmíì ní MSP, aṣòfin ti Edinburgh, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní MP, aṣòfin ti Lọ́ńdọ̀nù. Ta ló ni kínní yìí gan-an?

Bọ̀ọ̀dá_Aberdeen:
Àǹtí, ẹ káàbọ̀ sí Òkè Ọya ti Ìlú Ọba 😂. Láti 1999 ni wọ́n ti ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tiwọn ní Edinburgh, Holyrood ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ ìlera, ẹ̀kọ́, ilé gbígbé, ọlọ́pàá, kóòtù, ọwọ́ wọn ló wà. Físà, ológun, Universal Credit (owó ìrànwọ́ fáwọn tí owó wọn kéré), ti Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ilẹ̀ dídà, sùkúù àdúgbò, kòtò ojú títì, ẹ lọ bá káńsù (àmọ́ àwọn ọ̀nà ńlá ńlá, ti Edinburgh ni). Oògùn yẹn, April 2011 ni wọ́n ti pa owó rẹ̀ rẹ́, Wales tiẹ̀ ti ṣe é ní 2007. Wọn kì í gbowó àyẹ̀wò ojú náà. Ṣùgbọ́n kí ọkọ yín má bínú o, torí lọ́dún owó orí 2025 sí 2026, tí owó èèyàn bá ti kọjá £43,662 níbí, 42% ni wọ́n ń bù nínú èyí tó lé, bẹ́ẹ̀ England ò tíì gba 40% àfi tó bá kọjá £50,270. Kò sóhun tó ń jẹ́ ọ̀fẹ́, èmi kàn mọ ẹni tó ń sanwó ẹ̀ ni, èmi ni.

ỌmọÌbàdàn_G41:
Ọ̀rọ̀ ògiri yẹn ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́ jàre, tax ò ní kó ikọ́ bá ọmọ. Ẹ má fi fóònù bá agent yẹn sọ̀rọ̀ mọ́, íméèlì ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ kọ déètì sí i, òfin ibí sọ pé onílé gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé bá Repairing Standard mu, ìyẹn òfin àtúnṣe ilé, tó bá kọ̀, First-tier Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé, ni ẹ máa gbé e lọ, ayálégbé kì í sanwó kankan níbẹ̀ ẹ ò sì nílò lọ́yà. Ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á lé yín, àdéhùn ilé tí wọ́n ń ṣe láti December 2017 ò ní ọjọ́ ìparí, onílé ò lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó ní ẹ jáde láìní ìdí tí òfin mọ̀. Kẹ́ ẹ tún wo rẹ́jísítà àwọn onílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo onílé aládàáni ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èmi náà, agent kan fẹ́ gba £120 "admin" lọ́wọ́ mi, mo ní kó fi ibi tí òfin ti fọwọ́ sí i hàn mí, ó ní rárá, àṣìṣe ni. Àṣìṣe ńkọ́.

Ṣadé_Leith:
Ẹ lè lọ bá MSP náà o. Mẹ́jọ lẹ ní, ẹyọ kan fún àdúgbò, méje fún agbègbè, èyí tó bá yá lára ni kẹ́ ẹ dì mú. Nígbà témi kọ́kọ́ dé, wọ́n ní MSP wa ń ṣe "surgery" ní láíbìrì lọ́jọ́ Friday, mo ní ta lara ẹ̀ ò yá? 🤣 Ìjókòó lásán ni, ẹ máa ro ẹjọ́ yín fún un.

ÌyáTiti:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Wọ́n tún ní Titi lè máa wọ bọ́ọ̀sì láìsanwó, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ṣé kò ní kó bá físà wa?

Ṣadé_Leith:
Rárá, gbogbo ọmọ ọdún márùn-ún sí mọ́kànlélógún tó ń gbé níbí ló ní in láti January 2022, ẹ sáà gba káàdì fún un. Kò sí lára owó ìrànwọ́ tí físà kọ̀. Scottish Child Payment, owó ìrànwọ́ ọmọ, lẹ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, torí Universal Credit ló so mọ́.

Alàgbà_K:
Ohun tó ń dùn mí nìyí. Àjọ ọlọ́pàá kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún gbogbo Skọ́tlándì láti 2013, Edinburgh ló sì ń dáhùn fún un. Àwa ńkọ́? Gómìnà tí wọ́n ń pè ní olórí ètò ààbò ìpínlẹ̀, Àbújá ni kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ẹ̀ ti ń gbàṣẹ, ìyẹn la ṣe dá Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020.

Bọ̀ọ̀dá_Aberdeen:
Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ògiri la wà lórí ẹ̀ 😂

ÌyáTiti:
Ẹ̀yin ará, mo ti kọ íméèlì yẹn láàárọ̀, mo fi fọ́tò méje sí i, mo kọ "tribunal" sí ìlà tó gbẹ̀yìn. Ọ̀sán ò tíì pọ́n tí agent fi fèsì pé òun ń rán èèyàn bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday. Kò dárúkọ wíńdò mọ́.