Ìdáhùn: “Amẹ́sẹ̀rọ̀” kọ́ o, òṣùká ojúgun ni

Ẹ̀yin ará ilé,

Mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ tí ọmọkùnrin tó ń gé igi ní Bódìjà, n’Ìbàdàn níbí, gbé wá síwájú wa kò le tó bí a ṣe ń fà á yìí. Ó ní òun ra kẹ́sẹ́ irin tí wọ́n fi ń gun igi, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà àti ojúgun, tí irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan yọ ní ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀, tí wọ́n fi ń gún èèpo igi bí wọ́n ṣe ń gòkè. Ojúgun àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bó. Ó fẹ́ kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe ṣa èyí tó dáa nínú ohun tí wọ́n ń fi sáàárín irin náà àti ẹsẹ̀, ó wá bi wá pé kí ni kí òun máa pè é. Ìbéèrè gidi. Àfi bí Ẹ̀gbọ́n wa ti Òkè-Àdó ṣe sọ “amẹ́sẹ̀rọ̀” lulẹ̀, táwọn kan sì ń pàtẹ́wọ́.

Amẹ́sẹ̀rọ̀! Ẹ jẹ́ ká tú u. A-mú-ẹsẹ̀-rọ̀. Lórí ìwé, pẹ̀lú àmì, ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ní ń fi àmì sọ́rọ̀ lórí fóònù nílùú yìí? Láti ìgbà tí ìjọba ti fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974 la ti ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa fi àmì sí i, ẹ̀bẹ̀ náà ò tíì wọ ọ̀pọ̀ etí. Ẹ yọ àmì ìsàlẹ̀ kúrò lórí sílébù tó gbẹ̀yìn, kí ló kù? Amẹ́sẹ̀rọ. Arọ ni ọmọ ìyá rẹ̀! Ṣé ìyẹn la fẹ́ kọ sára ohun tí ọmọ ọlọ́mọ máa dè mọ́ ẹsẹ̀ kó tó gun igi? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ èyí tí àwọn ń sọ, pé àwọn ti ń kọ́ni ní gírámà kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó mọ a-b-d. Ẹ ṣeun, sà. Mi ò bá yín du ìyẹn. Àmọ́ bí a tilẹ̀ fi ìṣó kan àmì náà mọ́ ọn, “rọ̀” yẹn ṣì ń ṣini lọ́nà, nítorí rírọ̀ kọ́ niṣẹ́ nǹkan yìí.

Ẹ bi àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Abẹ́ bàtà ni irin náà ti gbé ẹni tó ń gùn dúró, ọ̀pá rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ inú ẹsẹ̀ gòkè títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Bí onítọ̀hún bá ti tẹ̀ ẹ́, orí ọ̀pá á máa ti egungun ojúgun, ojúgun kò sì lẹ́ran. Bí fóòmù tó wà níbẹ̀ bá rọ̀ jù, á di pẹlẹbẹ, irin á bá egungun, gbogbo rẹ̀ á sì máa yí lẹ́sẹ̀ gbiri. Èyí tó dáa ni èyí tó fẹ̀, tó le lẹ́yìn, tó tẹ́ sára ẹsẹ̀, tí kò jẹ́ kí ìnira náà dúró lójú kan. Awọ pẹlẹbẹ onídè kan kò wọ́n, ó sì ń pẹ́, ṣùgbọ́n ojú kan náà ló ń tẹ̀ ṣáá. Àwọn ńlá tó yí ẹsẹ̀ po, tí ẹ̀yìn wọn jẹ́ ike tí inú wọn jẹ́ fóòmù, ni ara ń gbà fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ọ̀pá náà ńkọ́? Bó bá gùn jù á máa kan orúnkún. Bó bá kúrú jù á máa gún ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Níbo ni “rọ̀” wà nínú gbogbo èyí?

Ohun tó ń dúró láàárín ẹrù líle àti egungun, Yorùbá ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: òṣùká. Bí ìyá mi àgbà bá ń ti ọjà Òjé bọ̀, aṣọ àlòkù ni wọ́n ń lọ́, wọ́n á ká a, wọ́n á ti etí rẹ̀ bọ abẹ́, wọ́n á wá fi ìdí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rì, wọ́n á tú u palẹ̀. “Èyí rọ̀ jù, á dá mi lọ́rùn.” Ẹ gbọ́ o, Ẹ̀gbọ́n: rọ̀ jù! Ta ló tún ń sọ bẹ́ẹ̀ mọ́? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò tiẹ̀ lè ká òṣùká, orí lásán ni wọ́n fi ń ru ike omi.

Ẹnì kan ní orí ló ni òṣùká, ẹsẹ̀ kọ́. Hàbà! Ẹsẹ̀ tó ní ọrùn, tó tún ní ojúgun, kí ló ní kó má ru òṣùká? Òṣùká ojúgun. Ẹ tilẹ̀ gbọ́ “ká” tó parí rẹ̀. Kí tún ni àwọn ńlá ọ̀hún ń ṣe lára ẹsẹ̀ bí kò ṣe pé wọ́n ká a mọ́?

Timùtìmù tí ẹlòmíì mú wá, ìjókòó là ń fi í ṣe, ẹ jẹ́ kó jókòó síbẹ̀. Ẹni tó ní ká kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1954, àwọn yẹn mọ igi, àmọ́ kì í ṣe àwọn ló ń sọ ọmọ wa lórúkọ.

Ẹni tó ní ká pe irin náà gan-an ní “igbà irin” ló bí mi nínú jù. Igbà, igbá, ìgbà, igba: ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la ti yanjú ìyẹn! Igbà ni okùn tí adẹ́mu ń fi kọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀ àti ọ̀pẹ. Ẹni tó bá wọ irin yìí ṣì ń lo irú okùn bẹ́ẹ̀, òun ni igbà. Irin ní tirẹ̀, kẹ́sẹ́ ni, bí a ṣe ń gún ẹṣin ní kẹ́sẹ́. Orúkọ náà tún ń kìlọ̀: ó ń ṣe igi léṣe, ojú ọgbẹ́ náà ni àrùn ń gbà wọlé, nítorí náà igi tí a fẹ́ gé lulẹ̀ la fi í gùn, kì í ṣe máńgòrò tí a kàn fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀. Kí ọmọ náà kọ ìyẹn sójú ewé àkọ́kọ́.

Ó ku ọ̀gbẹ́ni tó ní “kẹ́ṣẹ́” ni, pé torí mo jẹ́ ọmọ Ìbàdàn tí kì í pe ṣ ni mo ṣe ń pè é ní kẹ́sẹ́. Mo gbọ́. Mò ń jẹ iṣu, mò ń ṣiṣẹ́, mo sì kọ méjèèjì síbí kí ẹ rí i. Kẹ́sẹ́ ni ìyá mi àgbà ń pè é. Ẹni tó bá gbọ́ “kẹ́ṣẹ́” lẹ́nu àgbà Ọ̀yọ́ kan, kó dárúkọ àdúgbò rẹ̀ ká tó máa bá ìjà lọ.