Iṣẹ́ alẹ́ àti Level 2 Diploma in Care: báwo lèèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀?

Ajíṣẹ́_Òru:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú tó wà ní England. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbà, mo ti parí Care Certificate (ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún olùtọ́jú tuntun), mo wá ń wá ìwé ẹ̀rí tó nílàárí. Mi ò ráyè kíláàsì. Ìkànnì kan ń ta "Level 3" téèyàn lè parí lórí fóònù láàárín ọjọ́ méjì. Ṣé ìyẹn tó? Bí kò bá tó, Level 2 ni kí n mú àbí Level 3? Báwo sì ni assessor, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, ṣe máa rí mi lóru?

Ìyá_Ìbejì:
Ẹ kú ìbéèrè. Ká kọ́kọ́ gbé ti ọlọ́jọ́ méjì yẹn kúrò nílẹ̀. Ìwé pé ẹ ka kọ́ọ̀sì kan tán ni irú wọn máa ń fúnni, wọ́n á kọ "CPD" (ẹ̀kọ́ àfikún fún òṣìṣẹ́) sí i lára. Kò burú fún ìmọ̀, àmọ́ kì í ṣe diploma. Diploma tòótọ́ ní nọ́ńbà nínú Register tí Ofqual, àjọ tó ń bójú tó ìwé ẹ̀rí ní England, ń tọ́jú, ó sì ní àjọ tó ń fún un jáde, bíi City & Guilds, NCFE, Pearson tàbí Highfield. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ wò. Ẹni tó bá ń fì lórí nọ́ńbà, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí "Level 3" nìkan dán yín lójú. Level ń sọ bí ẹ̀kọ́ ṣe le tó, kò sọ bó ṣe pọ̀ tó. "Award" (ìwé ẹ̀rí kékeré) kan lè jẹ́ kírẹ́dì díẹ̀. Level 3 Diploma in Adult Care jẹ́ kírẹ́dì 58. Wákàtí 10 ni wọ́n ń ka kírẹ́dì kan sí. Level 2 Diploma in Care jẹ́ 46, ìyẹn wákàtí 460. Bẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sórí ọdún kan, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 9 lọ́sẹ̀, tòun ti àkókò tí wọ́n máa fi wò yín lẹ́nu iṣẹ́.

Kò pọn dandan kẹ́ ẹ ṣe Level 2 kẹ́ ẹ tó ṣe Level 3. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín ló ń pinnu. Bẹ́ ẹ bá ń dá sí care plan (ètò ìtọ́jú ẹnì kan) tàbí risk assessment (gbígbé ewu yẹ̀ wò), tẹ́ ẹ sì ń darí ẹlòmíì lórí shift, ẹ lọ sí 3. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ máa há sórí Level 3, torí ẹ ò ní rí ẹ̀rí tẹ́ ẹ máa fi sínú portfolio, ìyẹn àkójọ ẹ̀rí iṣẹ́ yín.

Yẹ̀wéwò:
Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Ohun tó sábà ń dá àwọn ẹni wa dúró ni wíwò lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ìwé kíkà. Ọ̀pọ̀ units (àwọn apá tí wọ́n pín diploma sí) ló fẹ́ kí wọ́n fojú rí yín pẹ̀lú èèyàn gidi. Fífi ọmọláńgídí ṣe bí ẹni pé èèyàn ni kì í kọjá níbẹ̀.

Ti òru ò le. Kò sẹ́ni tó máa wá wò yín láago méjì òru, kò sì sí ohun púpọ̀ tó fẹ́ wò nígbà yẹn. Aago mẹ́fà sí mẹ́jọ àárọ̀ ni kẹ́ ẹ pe assessor: jíjí, wíwẹ̀, aṣọ wíwọ̀, hoist (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn), ká tún wá fi handover (fífi iṣẹ́ lé àwọn tó ń bọ̀ lọ́wọ́) kádìí rẹ̀. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ mánijà, kẹ́ ẹ sì bi ẹni tẹ́ ẹ ń tọ́jú bóyá ó gbà kí àlejò wà níbẹ̀. Bó bá kọ̀, ó kọ̀ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tàbí senior (olùtọ́jú tó ga jù yín lọ) tó mọ iṣẹ́ yín lè kọ ẹ̀rí fún apá yẹn. Ẹ má fi fóònù ya fídíò o.

Ẹ bá assessor jókòó kẹ́ ẹ tó yan àwọn units tí kì í ṣe dandan. Ẹni tí kì í fún èèyàn lóògùn, kí ló ń wá nínú unit oògùn? Kò sí bó ṣe máa parí rẹ̀.

Nípa kíkọ: "Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún gbogbo èèyàn" ò ní kọjá, torí kò fi ohun tẹ́ ẹ ṣe hàn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Mo kan ilẹ̀kùn A, mo dúró kó dáhùn. Mo bi í bóyá ilé ìwẹ̀ ni àbí orí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní orí bẹ́ẹ̀dì. Mo fa kọ́tìnì, mo fi tówẹ̀lì bo ibi tí mi ò tíì fọ̀. Gìgísẹ̀ òsì rẹ̀ pọ́n. Mo fìka tẹ̀ ẹ́, kò funfun. Mo kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mo sì sọ fún senior." Ìyọ̀ǹda, ọ̀wọ̀, awọ ara, àkọsílẹ̀ àti ìfitónilétí, gbogbo wọn ti wà nínú ìtàn kan yìí, assessor lè so ó mọ́ units mélòó kan. (Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ẹ fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná tàbí ó le.) Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì kọ nọ́ńbà yàrá, torí wọ́n lè fìyẹn dá a mọ̀.

Ajíṣẹ́_Òru:
Ẹ ṣeun gan-an. Kíkọ gẹ̀ẹ́sì ló tún ń dà mí láàmú.

Yẹ̀wéwò:
Ẹ béèrè fún professional discussion. Ẹ máa sọ̀rọ̀, assessor á gbà á sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ẹ̀rí ni. Ẹ kọ kókó mẹ́rin-márùn-ún sí bébà kó wà níwájú yín. Àmọ́ ẹ má da ìdáhùn kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá bi yín nípa rẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè ṣàlàyé, gbogbo unit yẹn lẹ máa tún ṣe.

Bàbá_Rótà:
Kẹ́ ẹ tó yọ owó lápò, ẹ bi mánijà nípa LDSS (Learning and Development Support Scheme). Owó ìjọba tí wọ́n ń dá padà fún ilé iṣẹ́ ní England ni. Ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń san án, kì í ṣe òṣìṣẹ́, kọ́ọ̀sì náà sì gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí. Bí wọ́n bá fún yín ní ìwé àdéhùn, ẹ wá ibi tó ti ní kẹ́ ẹ dá owó padà bẹ́ ẹ bá kúrò. Ẹ ní kí owó náà máa dín lóṣooṣù.

Care Certificate tẹ́ ẹ ní kì í ṣe qualification. Ọ̀gá tuntun lè ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ fún assessor, ó lè kà á mọ́ diploma, kẹ́ ẹ má bàa ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá sì ń gbèrò láti ṣí lọ sí Scotland tàbí Wales, ọ̀tọ̀ ni tibẹ̀: òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń forúkọ sílẹ̀, lọ́dọ̀ SSSC (Scottish Social Services Council) ní Scotland tàbí Social Care Wales ní Wales. Kó bi wọ́n bóyá ìwé ẹ̀rí England tó fẹ́ ṣe wà lára èyí tí wọ́n ń gbà kó tó bẹ̀rẹ̀.