Ọmọdé ń kún àtìmọ́lé ní Iléṣà: kí la máa béèrè fún?

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Iléṣà fẹ́ kọ̀wé sí aṣojú wa nílé aṣòfin ní Òṣogbo, nítorí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 tí wọ́n ń há mọ́ àgbà nínú àtìmọ́lé. Àwọn kan ní ká tọrọ ilé àtìmọ́lé tuntun fún àwọn ọmọ. Ṣé ó tọ́ bẹ́ẹ̀?

Lọ́yà Ìlódè, Ifẹ̀:
Ẹ má tọrọ ilé. Bí ọ̀nà tí ọmọ ń gbà wọlé kò bá yí padà, ilé tuntun náà á kún. Òfin ti wà nílẹ̀: ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2003, Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2007. Nínú ti àpapọ̀, abala 212 ní àtìmọ́lé ṣáájú ìgbẹ́jọ́ ló gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn gbogbo ọ̀nà, kó má sì pẹ́. Abala 221 ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ rán ọmọ lọ sẹ́wọ̀n.

Orí káńtà ọlọ́pàá ló ti ń bàjẹ́. Wọ́n á bi ọmọ ọdún 15 lọ́jọ́ orí, kò dá a lójú, wọ́n á kọ 19. Ó di àgbà lójú kóòtù nìyẹn, kò ní dé kóòtù ẹbí, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ọmọdé, mọ́. Ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má gba ìwé ẹ̀sùn láìsí ẹ̀rí ọjọ́ orí: ìwé ìbí, àìsí rẹ̀, káàdì ìrìbọmi tàbí rẹ́kọ́dù ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ti dókítà ni kó kẹ́yìn, torí eyín àti egungun ọwọ́ kì í sọ ọdún gan-an. Kí wọ́n sì ya ẹ̀sùn ọmọ kúrò lára ti àgbà tí wọ́n jọ mú.

Ìyá Wẹ́fíà:
Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Béèlì náà ńkọ́? Wọ́n á ní kí onídùúró mú ìwé ilẹ̀ wá, nígbà tó jẹ́ pé ìbuwọ́lùwé òbí tàbí alágbàtọ́ tó. Òmíràn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ tàbí ọmọ tó ń kiri ọjà, òbí rẹ̀ wà lábúlé, wọ́n sì ti gba fóònù rẹ̀. Abala 211 ní kí wọ́n sọ fún òbí lójú ẹsẹ̀. Kí ọlọ́pàá kọ orúkọ òbí, ti ọ̀gá rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sílẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́, kí wọ́n sì ránṣẹ́ láti gáréèjì bí fóònù ò bá wọlé. Ẹjọ́ kékeré, bí fóònù tàbí adìyẹ, ọlọ́pàá lágbára láti parí rẹ̀ láìdé kóòtù bí ẹni tí wọ́n jà lólè bá gba ohun rẹ̀ padà.

Ọmọ Ìsọ̀kùn:
Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹ̀sùn ìdigunjalè ńkọ́?

Lọ́yà Ìlódè, Ifẹ̀:
Ibẹ̀ ló ń pẹ́ jù. Májísíréètì ò lè gbọ́ ọ, fáìlì á lọ sí Òṣogbo fún ìmọ̀ràn àwọn agbẹjọ́rò ìjọba, ọmọ á sì máa dúró nínú àtìmọ́lé. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáìlì ò tilẹ̀ kúrò ní téṣàn ọlọ́pàá: wọ́n ti gbé ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ lọ ibòmíràn, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì, ọjọ́ tó kúrò, àti orúkọ ẹni tó gbà á.

Òfin ọdún 2019 fún ọgbà àtúnṣe, ìyẹn ọgbà ẹ̀wọ̀n, lágbára láti kọ ẹni tuntun bó bá ti kún. Ẹ má gbọ́kàn lé e. Ọmọ tí wọ́n bá kọ̀, sẹ́ẹ̀lì ọlọ́pàá ló ń padà sí, ibẹ̀ sì há ju ọgbà lọ.