Ṣé kí n dá ìwé olówó ńlá yìí padà ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kó ìwé jọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú owó kí n lè ra The Lord of the Rings, ìwé ìtàn àròsọ tí J.R.R. Tolkien kọ, èyí tó wà nínú àkọ̀ páálí líle, ìwé mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1954 sí 1955. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní London níbí, inú mi dùn débi pé mi ò jẹun kí n tó tú u.

Òwú ni wọ́n fi rán ẹ̀yìn ẹ̀, kì í ṣe gọ́ọ̀mù lásán, ìyẹn dáa. Àmọ́ nínú apá kejì, ojú ewé kan á dúdú dáadáa, èyí tó tẹ̀ lé e á wá ṣì bí ìgbà téèyàn bu omi sí yíǹkì, mo sì gbé awò lé àwòrán kan, àwọ̀ pupa ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà aṣọ ẹni tó wà níbẹ̀, ó dà bíi pé ó ní òjìji. Àkọ̀ náà fún jù, ó ti ń ha góòlù ẹ̀yìn ìwé.

Ẹni tó tà á ní òun á dá owó díẹ̀ padà kí n máa lò ó lọ. Òfin ibí fún mi ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tó lábùkù padà. Ṣé yíǹkì tó ṣì báyìí wọ́pọ̀ nínú ìwé olówó ńlá ni, àbí tèmi nìkan ló bàjẹ́? Kí lẹ̀yin kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò?