Ẹ̀bùn Kérésìmesì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe fún àwọn ọmọ mi nígbà tí owó kò tó

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn Kérésìmesì tí a lè ṣe nílé bá délẹ̀, mo máa ń rí i pé orí ohun tí a fẹ́ ṣe ni ọ̀pọ̀ wa ti ń bẹ̀rẹ̀: ọmọláńgidi ni, àbí ọkọ̀ páálí, àbí bọ́ọ̀lù aṣọ. Ní tèmi, láti ọdún tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, tó sì jẹ́ pé owó oṣù mi nìkan ni a fi ń gbọ́ bùkátà ilé, ohun tí mo dì mú ni pé orí ọmọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àìtó owó kò ní kí ẹ̀bùn má wúlò. Ohun tó máa ń sọ ẹ̀bùn di ìpatì kí ọdún tuntun tó wọlé ni pé a kò wo irú eré tí ọmọ náà ń ṣe kí a tó mú abẹ́rẹ́ dání.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, àkọ́bí mi ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 10, èyí tó tẹ̀ lé e, obìnrin, jẹ́ ọmọ ọdún 6, àbíkẹ́yìn kò sì tíì pé ọmọ ọdún 2. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni mo ti ń ṣọ́ wọn. N kò bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí ohun tí ọmọ bá rí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni yóò dárúkọ. Ohun tí ọwọ́ wọn ń lọ bá nígbà tí wọn kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń wo àwọn ni mo ń wò. Àkọ́bí mi kì í jókòó jẹ́ẹ́, àfi bí a bá ń ta ayò kan tí ẹnì kan yóò jẹ, tí ẹlòmíràn yóò fìdí rẹmi. Ọmọbìnrin mi a máa to ìrọ̀rí jọ sórí àga, a máa fi aṣọ bò wọ́n dé àyà, a sì máa sọ ìtàn fún wọn bí ẹni pé wọ́n ń gbọ́. Ní ti àbíkẹ́yìn, gbogbo ohun tó bá rọ̀ ni yóò gbá mọ́ àyà, lẹ́yìn náà ni yóò ti igun rẹ̀ bọ ẹnu. Kí oṣù náà tó parí, mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, n kò sì tíì ná owó kankan.

Ohun èlò kò ṣòro kó jọ bí ènìyàn bá tètè bẹ̀rẹ̀. Aṣọ tó ti kéré fún àwọn ọmọ wà nínú ilé, páálí tí wọ́n fi kó ẹrù wá wà níbẹ̀, kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá náà sì wà lára ògiri. Mo tọ ìyá télọ̀ tó wà nítòsí wa lọ, mo ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da àgékù aṣọ nù mọ́, ẹ bá mi tọ́jú wọn. Ẹ̀bùn ọdún ni mo fẹ́ fi ṣe fún àwọn ọmọ yín.” Wọ́n kó àpò kan tó kún dẹ́nu fún mi, wọ́n sì fún mi ní ìmọ̀ràn kan tí mo ṣì ń lò di òní: kí n fọ gbogbo rẹ̀ kí n tó gé e, nítorí aṣọ òwú tuntun a máa súnkì nígbà tí omi bá kọ́kọ́ kàn án, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa ṣí sára èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òwú ìránṣọ, gọ́ọ̀mù, ọ̀dà kékeré kan àti sẹ́lótéèpù fífẹ̀ ni mo fi owó rà.

Ọmọláńgidi àbíkẹ́yìn ni mo kọ́kọ́ ṣe, òun ni mo sì máa ṣàlàyé kínníkínní, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ̀rètí nù. Mo ya àwòrán rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn àtijọ́, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30, mo sì jẹ́ kí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ dáadáa. Bí ọrùn bá tín-ín-rín, ohun tí a fi kì í kò ní lè kún ibẹ̀, orí yóò máa ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ ya. Mo gé aṣọ náà ní ìlọ́po méjì, mo fi àyè sẹ̀ǹtímítà 1 sílẹ̀ yí ká fún ojú ìrán, mo kọ ojú aṣọ méjèèjì síra wọn, ẹ̀yìn wọn sì wà níta. Ìrán tí abẹ́rẹ́ máa ń padà sẹ́yìn ni mo lò: abẹ́rẹ́ á yọ síwájú, á padà wọlé níbi tí ìrán ìṣáájú parí sí, kó tó tún yọ síwájú. Ó máa ń pẹ́ ju ìrán gbọọrọ lọ, ṣùgbọ́n bí òwú bá já níbì kan, ìyókù kì í tẹ̀ lé e tú, ọmọ tó máa ń fi eyín fa nǹkan sì nìyí.

Mo fi ẹnu ìhà kan sílẹ̀ láìrán, kí ọwọ́ lè wọ ibẹ̀. Kí n tó yí i padà, mo fi àlùmọ́gàjí gé àyè aṣọ tó ṣẹ́kù ní kéékèèké níbi tó ti tẹ̀ kọ́rọ́, ní abẹ́ apá àti láàárín ẹsẹ̀, láìjẹ́ kí ó kan òwú. Bí a kò bá ṣe èyí, aṣọ náà yóò hunjọ nígbà tí a bá yí i padà. Inú ìrọ̀rí kan tó ti gbó ni mo ti yọ ohun rírọ̀ tí mo fi kì í, mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti sá a gbẹ dáadáa. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ kì, ní bíńtín bíńtín, pẹ̀lú ìdí pẹ́ńsùlù, kí ẹ tó bọ́ sí orí àti àyà. Ojú, imú àti ẹnu, òwú ni mo fi ṣe gbogbo wọn. N kò lo bọ́tìnnì rárá, nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lè já a jẹ kí ó sì há sí i lọ́fun. Ọ̀nà kan tó rọrùn láti fi wọn nǹkan ni páálí roboto oníhò tó máa ń wà láàárín ìwé ìnùdí: ohunkóhun tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá kò yẹ ní ọwọ́ ọmọ tó kéré tó bẹ́ẹ̀. Okùn gígùn kò sì yẹ lára ohun ìṣeré rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọdọ̀ sùn pẹ̀lú ọmọláńgidi rírọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí ó lè dí i ní imú.

Ti àkọ́bí mi ni lúdò. Mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á, kò sì wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ ṣe kò sí lórí àtẹ ẹnikẹ́ni. Páálí líle kan ni mo gé, mo fi rúlà fa ìlà sí i títí ó fi di àpótí kéékèèké 15 ní ìbú àti 15 ní òró, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 3, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ilé, àpótí 6 ní ìbú àti 6 ní òró. Ọ̀nà tí ó kù láàárín wọn ni ó máa ń di àgbélébùú, àpótí 52 ni síìdì yóò sì rìn yí ká kó tó bọ́ sí ọ̀nà ilé rẹ̀. Dípò kí n kùn ilé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní àwọ̀ lásán, mo ya ohun tí a fi ń dá olúkúlùkù wa mọ̀ sínú ilé rẹ̀: bàtà bọ́ọ̀lù fún un, ìrọ̀rí mẹ́ta fún àbúrò rẹ̀, awò ojú bàbá rẹ̀, àti abẹ́rẹ́ tèmi. Ìdérí ìgò 16 ni mo kùn lọ́dà ṣe síìdì, mẹ́rin mẹ́rin. Káfíńtà kan bá mi gé igi kékeré onígun dídọ́gba fún dáìsì láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, mo fi sáńdípépà fá igun rẹ̀ kí ó lè yí dáadáa, mo sì to àmì rẹ̀ bó ṣe yẹ: 1 kọjú sí 6, 2 kọjú sí 5, 3 kọjú sí 4, kí ojú méjì tó kọjú síra wọn máa jẹ́ 7 nígbà gbogbo.

Ẹ̀yìn páálí náà ni mo fẹ́ràn jù lọ. Mo pín in sí àpótí 100, mo ya ejò àti àkàsọ̀ sí i, mo sì kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa sí ẹsẹ̀ àkàsọ̀ àti sí orí ejò. Níbì kan, mo kọ ọ́ pé, “O fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n rán ọ: gòkè lọ sí 38.” Níbòmíràn, “O jí àbúrò rẹ lójú oorun: sọ̀ kalẹ̀ sí 9.” Lẹ́yìn náà ni mo lẹ sẹ́lótéèpù fífẹ̀ bo ojú méjèèjì, kí omi má baà bà á jẹ́. Iṣẹ́ yìí ló gba àkókò mi jù, alẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sùn ni mo sì ń ṣe é, nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró dé ọ̀sẹ̀ tí ọdún bá ku ọ̀la.

Ọmọbìnrin mi ni mo ṣe ìwé ìtàn fún. Bébà funfun 6 tí mo ṣẹ́ po ní àárín ló fún mi ní ojú ìwé 24, mo fi abẹ́rẹ́ lu ihò mẹ́ta sí ojú ìṣẹ́po, mo sì rán an. Páálí ni mo fi ṣe èèpo rẹ̀, mo fi aṣọ kan tó wọ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 2 bò ó, èyí tó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sunkún nígbà tí kò gbà á mọ́. Ìtàn inú rẹ̀ ni ti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ìrọ̀rí ní ìwé, orúkọ ọmọbìnrin náà sì ni orúkọ tirẹ̀. Apá òsì ni mo kọ ọ̀rọ̀ sí. Mo fi apá ọ̀tún sílẹ̀ lófìfo kí òun fúnra rẹ̀ lè ya àwòrán rẹ̀. Bí mo bá ní láti yan ẹ̀bùn kan ṣoṣo fún ẹni tí kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ìwé yìí ni mo máa yàn, nítorí pé bébà àti òwú kò wọ́n, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò lè bá ọmọ mìíràn mu.

Mo tún po fúláwà ife 2, iyọ̀ ife 1 àti omi bí ife 1, mo gé e ní ìràwọ̀, mo yan án nínú ààrò tí kò gbóná púpọ̀ títí ó fi gbẹ, a sì kùn ún láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá jẹ ẹ́ o, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí gbogbo wa yẹra fún ni bátìrì roboto kéékèèké tí àwọn kan máa ń yọ láti ara nǹkan àtijọ́ kí wọ́n lè fi iná sí ohun ìṣeré. Bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàárín wákàtí 2. Mo bẹ̀ yín, kò sí iná tó tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò rọrùn, n kò sì fẹ́ fò ó. Àkọ́bí mi ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó wà lọ́kàn rẹ̀. N kò jẹ́ kí àárọ̀ ọdún bá wa lójijì. Mo pè é jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá, mo sọ fún un pé a kò ní lè ra ohun tí ó ń wò yẹn lọ́dún yìí. Ó ní, “Mọ́mì, ṣé nítorí iṣẹ́ Dádì ni?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ má sọ fún un pé mo béèrè o, mà.” Ọmọ tó ti tó ọdún 10 lè gba òtítọ́ tí a bá sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ohun tí kò lè gbà ni kí a jẹ́ kí ó máa retí ohun tí kò ní dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 25, kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni mo fi wé gbogbo rẹ̀, ojú funfun rẹ̀ síta, orúkọ kálukú sì wà lórí tirẹ̀. Àkọ́bí mi ka ohun tó wà lórí gbogbo ejò sókè kí ó tó gbà pé kí a ta á, bàbá rẹ̀ sì jẹ wá nígbà méjèèjì tí a kọ́kọ́ ta. Ọmọbìnrin mi kò bá wa ta rárá. Ó ti lọ ka ìwé rẹ̀ fún àwọn ìrọ̀rí. Ọmọláńgidi náà kò kúrò lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn títí ó fi sùn, mo sì ti tún un rán lábẹ́ apá láti ìgbà náà.

Mo tọ́jú gbogbo àwòrán tí mo fi gé aṣọ sínú àpò ìwé kan, mo kọ ọdún sí ara rẹ̀. Iṣẹ́ ti padà bọ́ sí ọkọ mi lọ́wọ́ báyìí, a sì lè ra nǹkan díẹ̀, ṣùgbọ́n àkọ́bí mi ti sọ pé òun ni yóò ṣe tàbìlì ìkọ́wé páálí fún àwọn ìrọ̀rí àbúrò òun lọ́dún yìí. Ó ti bi káfíńtà léèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe dúró tí kò fi ní mì, ó sì ti ń kó páálí pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.