Oògùn ìgbẹ́ gbuuru fún ọmọ àti àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Ìyá Rọ́díà (Gáà Àkàńbí): Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará wa. Ọmọ mi ọlọ́dún kan ó lé oṣù méjì ń yàgbẹ́ gbuuru láti àná, tòní nìkan ti tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, omi lásán ni, kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀ ara ẹ̀ ò sì gbóná. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílíníìkì láàárọ̀, 10kg ni, wọ́n fún wa ní ORS (lẹ́búlẹ́bú oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi), síńkì àti racecadotril 10mg oní-lẹ́búlẹ́bú, àmọ́ èrò pọ̀ gan-an mi ò gbọ́ àlàyé tán. Bàbá ẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ní òun fẹ́ bu nínú tọmọ mu. Ẹ jọ̀ọ́ báwo la ṣe ń lò ó?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìwọ̀n ọmọ la fi ń lo racecadotril, kì í ṣe ọjọ́ orí, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n. Ọmọ tó bá wà láàárín 9kg sí 13kg, sáṣẹ́ẹ̀tì 10mg méjì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Tí ò bá tó 9kg, ẹyọ kan ni. Láti 13kg dé 27kg, oní-30mg kan, tó bá ju 27kg lọ, oní-30mg méjì, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ tí ò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má fún un rárá. Ẹ lè pò ó mọ́ omi tàbí ẹ̀kọ díẹ̀, kó mu ún lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ORS gangan ni oògùn! Racecadotril ń dín omi tí ìfun ń tú jáde kù ni, omi tó ti lọ lára ọmọ kò lè dá a padà.

Alhaja Ọjà Ọba: Ọmọ mi, fetí sí mi. Lọ́dún tó kọjá, kẹ́míìsì kan ta loperamide fún wa fún ọmọ-ọmọ mi kékeré, ìgbẹ́ dúró lóòótọ́, àmọ́ kó tó dalẹ́ ikùn ẹ̀ ti le bí ìlù, ọmọ ò lè sunkún mọ́, ọsibítù la sùn. Loperamide ń dá ìfun dúró ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmọ kékeré ní in.

Ẹlẹ́gbòogi Tanke: Bàbá Rọ́díà ò gbọdọ̀ mu tọmọ. Ti àgbà kápúsù 100mg ni, kí wọ́n lo kan lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣáájú oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́, kó má kọjá ọjọ́ 7. Tí wọ́n bá ń lo lisinopril tàbí ẹgbẹ́ ẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ ríru, kí wọ́n má fọwọ́ kàn án, ojú àti ahọ́n lè wú. Ẹnikẹ́ni tí ojú ẹ̀ bá wú, kó jáwọ́, kó sáré lọ ọsibítù. Tí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ tí ara sì gbóná, kì í ṣe oògùn yìí ló kàn, dókítà ni.

Ìyá Rọ́díà: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́hun á san yín lóore. Wọn ò lẹ́jẹ̀ ríru. ORS yìí ńkọ́, tó bá ń bì í jáde? Síńkì ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ọ̀fà: Ẹ wo ẹ̀yìn ORS yẹn, tó bá ní lítà kan, piọ wọ́tà méjì oní-50cl ló ṣe é, ẹ má fi ojú díwọ̀n. Síbí kékeré kan ní ìṣẹ́jú kan sí méjì, tó bá bì, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó mu 50 sí 100ml. Síńkì, 20mg lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà tí ìgbẹ́ bá ti dúró. Ẹ má dá ọmú dúró o. Tí ojú ẹ̀ bá jìn wọnú, tí kò tọ̀, tí kò lè mu nǹkan, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́, ẹ gbé e lọ, bó ṣe òru.

Ìyá Rọ́díà: Mo ti pò ó bẹ́ ẹ ṣe ní, ó ti mu síbí bí ogún, kò tíì bì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ̀ sí mi lẹ́sẹ̀ báyìí, alihamdulilahi. Bàbá ẹ̀ ti lọ ra kápúsù tiẹ̀.