Gúrúùpù ọmọ ìlú wa ń kú lọ, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé Ọmọ Ìlú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń darí gúrúùpù kan tàbí òmíràn, ẹ ó lè là mí lọ́yẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa, ìlú kékeré kan ní Èkìtì. Lásìkò kòrónà la dá gúrúùpù WhatsApp wa sílẹ̀, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè wálé ọdún. Ẹni tó wà l'Ékòó, ẹni tó wà ní Kútọnu, àwọn ará London àti Houston, gbogbo wa ń kíra, à ń béèrè ta ló bímọ, ta ni ara rẹ̀ kò yá. Ibẹ̀ la ti dáwó tí a fi tún ẹ̀rọ omi ọjà ṣe. Àwọn tí kò fojú kanra rí mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí làwọn.

Ní báyìí, bí ẹ bá ṣí i láàárọ̀, àwòrán òdòdó tí wọ́n kọ àdúrà sí lára lẹ ó kọ́kọ́ rí, ọ̀kan lé òmíràn. Fídíò wòlíì tẹ̀ lé e, ìpolówó àgbo àtọ̀gbẹ, ìròyìn tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bí ìbò bá sún mọ́lé, èébú dé nìyẹn. Àwọn àgbà ti dákẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń jáde lọ láìdágbére. Bí mo bá kọ ọ́ pé a nílò owó, àwọn kan náà tó ń dá a látìbẹ̀rẹ̀ ló máa ń dáhùn.

Àwọn kan ní kí n tì í, kó jẹ́ ádímìn nìkan ni yóò máa sọ̀rọ̀. Àwọn kan ní ká kó lọ sórí Telegram torí pé èèyàn púpọ̀ ló ń gbà. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì:
Akọ̀wé, ẹ kú ìtọ́jú ìlú. Ẹ má tì í o! Ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́kun ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ gbàgbé pé òun wà níbẹ̀.

Ẹ pín in ni. Láti 2022 ni WhatsApp ti ní ohun tí wọ́n ń pè ní Community. Ojú kan wà fún ìkéde, níbi tí ádímìn nìkan ti ń kọ̀wé. Lábẹ́ rẹ̀ lẹ ó wá fi gúrúùpù mìíràn sí: ti ọ̀rọ̀ ìlú, ti ọjà títà, ti àdúrà. Ẹni tí ò bá fẹ́ fídíò wòlíì kò ní wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ṣe ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ìwé wa, ara sì tù wá.

Ọmọ Ọ̀fà ní Peckham:
Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n mi ò rò pé pípín loògùn rẹ̀. Ti ìdílé wa pín sí mẹ́rin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì dákẹ́. Ohun tó jí wa ni pé a rí nǹkan tí gbogbo èèyàn lè ṣe pọ̀ láìná kọ́bọ̀.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ la yà sọ́tọ̀ fún oríkì. Agbo ilé kan ló ń ni ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni yóò ki oríkì ilé náà sínú fóìsì nóòtì, àwọn ọmọ ilé yóò sì máa fi tiwọn kún un. Ẹ wò ó, àwọn ìyá wa ò lè tẹ̀wé lórí fóònù. Ojú ẹlòmíràn ti ń ṣe bàìbàì, ẹlòmíràn ò kàwé. À ń wí pé wọn kì í sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ títẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kan ilé ìyá mi, ìyá àgbà kan tí a rò pé kì í ṣí WhatsApp rárá bá wa sọ̀rọ̀: "Ọ̀fà Mọjọ̀, ọmọ Olálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Ẹ ń gbọ́ ariwo ìkòkò lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ń gbọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń sọ fún un pé, "Màmá, ẹ má tíì gbọ́wọ́ kúrò." Bàbá kan ní Ìlọrin gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń kì í lọ. Ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí sí Manchester wá béèrè pé kí ló dé tí ìjàkadì fi jẹ́ orò wa. Yorùbá rẹ̀ ò dán mọ́rán, kò sì sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín. Òfin tí mo fẹ́ràn jù ní gúrúùpù wa nìyẹn: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi Yorùbá ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn àgbà dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá nílé. Láti ìgbà náà, bí a bá fẹ́ dáwó, àwọn ọ̀dọ́ òkè òkun kì í ṣòro pè, torí wọ́n ti mọ àwọn tí wọ́n ń dá a fún.

Atúnfóònùṣe, Ìkẹjà:
Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀pọ̀ tó ń jáde nínú gúrúùpù, kì í ṣe ìbínú. Fóònù wọn ló kún. Bàbá àgbà á gbé fóònù kékeré wá, á ní kò ya fọ́tò mọ́. Mo ṣí i, fídíò gúrúùpù ló kún ibẹ̀ bámúbámú, òun fúnra rẹ̀ ò wo ìdajì wọn. Ọmọ rẹ̀ á ní, "Ẹ bá wa yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù yẹn." Bí gúrúùpù ṣe ń pàdánù àgbà nìyẹn, dátà sì wọ́n.

Akọ̀wé, ẹ kọ́ wọn kí wọ́n pa dáńlóòdù tó ń ṣe ara rẹ̀ nínú sẹ́tínsì. Kí ẹ sì kọ́ wọn ní èyí tó jù ú lọ: nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́, wọn ò gbọdọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí. Olè á gba WhatsApp màmá, á fi orúkọ màmá tọrọ owó nínú gúrúùpù. Lẹ́yìn irú rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún ń gba ẹnikẹ́ni gbọ́ níbẹ̀.

Ní ti Telegram, kíkó lọ síbòmíràn ò yanjú nǹkan kan. Ẹ rántí 4 October 2021, nígbà tí WhatsApp, Facebook àti Instagram jọ kú fún bíi wákàtí mẹ́fà. Ọdún náà ni ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà láti June, ó di January 2022 kí wọ́n tó ṣí i. Ẹ ní ìwé tí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sí, kí ó wà lọ́wọ́ ẹni méjì.

Tíṣà Àgbà:
Ọmọ mi Akọ̀wé, ohun tó ń dà yín láàmú gan-an lẹ ò tíì sọ. Àwọn tó ń bú ara wọn yẹn, ẹ̀gbọ́n yín ni púpọ̀ nínú wọn, ẹ ò sì lè yọ ẹ̀gbọ́n yín kúrò. Àbí mo parọ́?

Ẹ wá àgbà méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ń wọlé, ọkùnrin kan, obìnrin kan, kí ẹ fi wọ́n ṣe ádímìn. Wọn kò ní í kọ nǹkan kan síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá fẹ́ da ibẹ̀ rú, àgbà náà ni yóò pè é lórí fóònù ní kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bá a wí lójú gbogbo ayé, ìtìjú á mú kó bú yín sí i, àwọn ará ilé rẹ̀ á sì gbè é. Mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí WhatsApp ti sọ agbo ilé méjì di ọ̀tá, tó dé ìpàdé ìlú.

Ìyá Ìbejì:
Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ. Kí n sì fi ti owó kún un. Akápò gbọ́dọ̀ máa gbé ìṣírò síta lóṣooṣù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sówó tó wọlé. Kí wọ́n ya fọ́tò ohun tí wọ́n rà. Èmi kì í dáwó síbi tí mi ò ti rí rìsíìtì.

Akọ̀wé Ọmọ Ìlú:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin òbí àti ọ̀rẹ́ mi. Tíṣà, ẹ ò parọ́ rárá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wà nínú wọn. Mo ti bá ìyá kan sọ̀rọ̀ ní agbo ilé wa, wọ́n ní àwọn á ki oríkì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n ṣáà kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Rìsíìtì ẹ̀rọ omi náà wà lọ́wọ́ akápò, n ó ní kí wọ́n gbé e síta. Ti ádímìn ló kù: ṣé a lè fi ẹni tí ó ń gbé ìlú òyìnbó ṣe é?

Tíṣà Àgbà:
Rárá o. Ẹni tó wà nílé ni, tí ó lè rìn dé ojúlé olúwa rẹ̀ bí kò bá gbé fóònù.